Orúkọ Tí Àṣàkẹ́ Kì Í Pè

Èmi nìkan ni mo padà dé. Ẹ ti rí i bẹ́ẹ̀, ẹ sì ti ń bi mí ní Ìkirè, ẹ ń bi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Àpòmù, pé kí ló dé tí ẹni tó lọ mú ọmọ rẹ̀ wálé fi ọwọ́ òfo dé. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ìgbà tí ìyá Àṣàkẹ́ ti kú, ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ lóòjọ́ kò ju èyí tí iṣẹ́ káfíńtà gbà lọ. Nítorí náà mo kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kà á, kí n má bàa máa tún un sọ ní gbogbo ẹnu ọ̀nà.

Tẹlifóònù ló gbé mi dìde. Àṣàkẹ́ nìkan ni ọmọ tí mo bí. Ó fẹ́ ará Tansanía kan, Dáníẹ́lì, tó wá kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó bá a lọ sí ìlú rẹ̀, wọ́n sì ń gbé nínú agboolé bàbá ọkọ. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, yóò dákẹ́ lójijì. N óò gbọ́ tí ọkùnrin kan húkọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, ọmọ mi yóò sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Bàbá, mò ń bọ̀," n óò sì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré. Mo bi í pé kí ni bàbá ọkọ rẹ̀ ń jẹ́. Ó ní òun kò lè pè é. Nígbà tó bímọ, tí mo ní kó gbé fóònù fún ọkùnrin náà kí n kí i, ó ní kò ṣeé ṣe, àwọn kì í sún mọ́ ara wọn, àṣà ni.

Àṣà. Ẹni tí ìyà ń jẹ nílé ọkọ kì í ní ọ̀rọ̀ mìíràn tó fi ń bo ara.

Ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo yín mọ̀ sí Ìyá Àpòmù, gbọ́ ọ, ó ní, "Ọkùnrin tí ọmọ ẹni ò gbọdọ̀ dárúkọ, irú ẹranko wo nìyẹn? Lọ mú un wálé." Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà méjì, tèmi àti ti Àṣàkẹ́. Ọmọ ọwọ́ yóò jókòó lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ojú ibodè

Ìyá Àpòmù di dòdò fún mi. Ẹ̀yin ará Ìkirè, ẹ kò nílò kí n ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn lè ka ìwé yìí: dòdò tiwa kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gé sínú epo lásán. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà ni, tí a gún pẹ̀lú ata, tí a dín títí ó fi dúdú bí èédú. Ìyá Àṣàkẹ́ tà á lójú títì títí ó fi kú. Ó yẹ kí ọmọ rẹ̀ jẹ ẹ́ lọ́wọ́ mi.

Obìnrin tó wà ní pápákọ̀ òfurufú wọn wo ìwé ìrìnnà mi, ó rí i pé ará Nàìjíríà ni mí, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní kí n tú ẹrù. Ó gbé dòdò náà sókè, ó gbóòórùn rẹ̀, ó pe ọkùnrin kan, ọkùnrin náà pe ẹlòmíràn. Wọ́n bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí lèyí. Gẹ̀ẹ́sì mi kò pọ̀. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó jókòó níwájú pátákó, ní ilé ìwé àwọn àgbàlagbà, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń mú ọmọ lọ sí tiwọn. Mo ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Wọ́n wo ara wọn. Obìnrin náà ní kí n jẹ ẹ́ kí àwọn rí i.

Mo jẹ ẹyọ kan. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo adìẹ tó jẹ oògùn eku, bóyá yóò ṣubú. Nígbà tí n kò ṣubú, mo na ọ̀kan sí obìnrin náà, mo ní kí òun náà jẹ. Èmi ì bá kọ̀. Òun kò kọ̀. Ata ta á, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì na ọwọ́ fún òmíràn. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé mi, ó ní, "Karibu, mgeni."

Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé karibu ni ẹ káàbọ̀, mgeni ni àlejò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ẹni tí wọ́n pè wá jẹun àti ẹni tí wọn kò mọ ibi tó ti wá, bíi tiwa. M tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro fún mi. Ó dá dúró, ó ní ìró tirẹ̀, bí ń tó wà nínú "mo ń lọ". Mo rò pé bí gbogbo èdè wọn yóò ṣe rọ̀ mí lọ́rùn nìyẹn. Mo ṣì í.

Ẹ̀gẹ́ sísun

Ọ̀nà láti etí òkun wọn dé orí òkè jìn. Àwọn èrò inú ọkọ̀ kò pariwo. Nínú ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀, kí a tó dé Wásinmi ẹ ó ti mọ ẹni tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà àti ẹni tí ilé rẹ̀ ń jò. Níbẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ni. Ìdákẹ́jẹ́ àjèjì kì í fi ènìyàn lọ́kàn balẹ̀. Mo fi àpò sáàárín ẹsẹ̀, mo wé okùn rẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Obìnrin arúgbó tó jókòó tì mí bu ẹ̀gẹ́ sísun sí méjì, ó na ọ̀kan sí mi. Ẹ mọ ohun tí a fi ń kọ́ ọmọ nílé: a kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀ nínú ọkọ̀. Mo mi orí. Kò bínú. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó gbé tèmi lé mi lórí itan, ó sì kọjú sí fèrèsé. Ẹ̀gẹ́ náà wà níbẹ̀ títí ó fi tutù. Nígbà tí ebi pa mí gan-an, mo jẹ ẹ́, mo sì dúró de ohun tí yóò ṣe mí. Oorun ló ṣe mí.

Nígbà tí mo jí, ó fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ àti ìka ọwọ́ bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní Mbeya. Mo pè é bí mo ṣe kà á: mo kọ́kọ́ pe m, mo fún un ní àyè tirẹ̀, mo wá pe èyí tó kù tẹ̀lé e. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó pè é fún mi. N kò gbọ́ m tó dúró níbì kankan, àfi bí ẹni pé b náà gba imú kọjá kó tó jáde lẹ́nu. Mo tún un pè. Ó tún fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo gbà pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, n kò sì pè é mọ́. Kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, ó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ kan tó ní kí n máa fi kí ènìyàn: "Jambo." Ó ní kò sí ilé tí wọn kò ti ní í dá mi lóhùn.

Jambo

Òjò ń rọ̀ nígbà tí mo dé. Lẹ́yìn Mbeya ni abúlé bàbá Dáníẹ́lì wà, lórí òkè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ níwájú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn, bí ẹni pé oko Ìkirè-Ilé ni ẹnìkan gbé sókè kó lọ gba atẹ́gùn. Dáníẹ́lì dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ láti kí mi. Ìbàdàn ló ti kọ́ ọ. Yorùbá rẹ̀ kò tíì kú, ṣùgbọ́n ń tiwa kì í dúró lẹ́nu rẹ̀. Ó máa ń gbé e mì kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e tó dé.

Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀. Ó ti sanra. Mo wo ọrùn rẹ̀, mo wo apá rẹ̀, mo ń wá ojú ọgbẹ́. N kò rí ọ̀kan. Inú mi dùn díẹ̀, mo ní kí n fi èdè ìlú ọkọ rẹ̀ kí i. Mo ní, "Jambo."

Ó yí ojú kúrò.

"Bàbá, ẹ má fi ìyẹn kí mi nínú ilé yìí."

"Ṣé èébú ni?"

"Kì í ṣe èébú. Ẹ kàn má pè é sí mi."

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé ń dáhùn, ilé ọmọ tèmi nìkan ni kò gbà á. Mo fi í sínú.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọmọ ọwọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ikọ́ tí mo ti mọ̀ láti orí fóònù dún lẹ́yìn ọgbà. Bàbá ọkọ ló ń bọ̀, arúgbó gíga kan tó wọ bàtà rọ́bà, tó mú ọ̀pá lọ́wọ́. Mo ní, "Àṣàkẹ́, wá kúnlẹ̀ kí bàbá ọkọ rẹ." Kí n tó parí rẹ̀, ọmọ mi ti fa aṣọ bo orí, ó ti wọ inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ. Arúgbó náà kọjú sí ògiri, kò sì yí padà títí ìró ẹsẹ̀ ọmọ mi fi pòórá.

Ní Ìkirè, ìyàwó tí kò kúnlẹ̀ fún bàbá ọkọ, bàbá tó bí i ni wọ́n ń bú. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ojú ń tì mí. Nígbà tó yá, ìtìjú náà di nǹkan mìíràn. Ènìyàn kì í sá bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe é lóore.

M tí kì í jókòó

Ambokile ni orúkọ arúgbó náà. Dáníẹ́lì ló sọ ọ́ fún mi, ó sì dúró kí àwọn obìnrin lọ pọn omi kó tó sọ ọ́. Mzee ni wọ́n ń fi ṣáájú orúkọ àgbà, bí a ṣe ń fi Bàbá ṣáájú. Lójoojúmọ́ ni èmi àti arúgbó náà ń jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀, tí a jọ ń wo òjò. Mo fẹ́ bi í ní ọ̀rọ̀ kan lójúkojú, mo bá pè é: "Mzee Ambokile." Kò dáhùn. Mo tún un pè. Ó ń wo òjò. Mo sọ lọ́kàn mi pé bí ẹni tó ní ohun tó ń fi pamọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn.

Dáníẹ́lì ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bàbá òun kò mọ̀ pé òun ni mò ń pè, àti pé níbẹ̀ wọn kì í tún ọ̀rọ̀ ṣe mọ́ àlejò lẹ́nu. Ní ìrọ̀lẹ́, ó fi ìka lé ètè, ó ṣàlàyé fún mi. M tó wà nínú Mzee dá dúró, mo sì ń pè é dáadáa. Èyí tó wà nínú Ambokile kò dá dúró. Ètè pa dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn bẹ̀rẹ̀ nínú imú, kí ètè tó là ó ti bọ́ sí ẹnu. Kò sí àyè láàárín.

"Bàbá, ẹ má jẹ́ kí m jókòó," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó máa kọjá lọ."

Ìwé ló ṣì mí lọ́nà. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní a, b, d sọ fún wa pé n tàbí m tó bá dá dúró ṣáájú kọ́ńsónáǹtì ní ohùn tirẹ̀, ó sì lè gba àmì lórí: oróǹbó, pańla, káfíńtà. Mo di ìyẹn mú bí ẹni di ìṣó mú. Ta ló mọ̀ pé lẹ́tà méjì kan náà lè jẹ́ pákó méjì níhìn-ín, kí wọ́n jẹ́ pákó kan lọ́hùn-ún? Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló là mí lójú. Bí a bá kan pákó méjì mọ́ra, bó ti wù kí a fá a tó, ìka yóò mọ ibi tí wọ́n ti pàdé. Mb tiwọn kò ní ibi ìpàdé. Igi kan ni, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà lágbedeméjì.

Mo ń dán an wò nígbà tí mo bá dá wà. Ẹ fi ọwọ́ di imú yín kí ẹ pe "màmá". "Bàbá" ni yóò máa fẹ́ jáde. Imú nìkan ló ya àwọn méjèèjì. Wọ́n tún ní ọ̀kan tó jẹ́ ti imú pátápátá. Ng'ombe ni wọ́n ń pe màlúù, wọ́n sì fi àmì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ g kí ẹ má bàa pe g náà rárá. Ẹ sọ pé "mo ń ké", kí ẹ wá dúró lórí ń: ìró náà gan-an nìyẹn, níbi tí ẹ̀yìn ahọ́n ti kan òkè. Ṣùgbọ́n nguo, tó jẹ́ aṣọ, kò ní àmì yẹn. Imú ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, g ló parí rẹ̀. Dáníẹ́lì ń fi bí mo ṣe ń pè wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà ń fi bó ṣe ń pe ń tiwa rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú láti pe "mo ń lọ", ń náà kàn ń ṣubú lu l ni.

Mo ní, "Ọmọ mi, fún un ní àga."

Ẹ̀rín yẹn kò mú mi gbàgbé ohun tí mo bá wá.

Ẹ̀yìn ògiri ilé ìdáná

Ní kùtùkùtù, ikọ́ náà máa ń dún lẹ́yìn ògiri ilé ìdáná. Mo yọjú wò ó. Arúgbó náà gbé ohun kan tó fi ewé bò sílẹ̀, ó húkọ́, ó sì lọ láìbojú wẹ̀yìn. Àṣàkẹ́ dúró títí ẹsẹ̀ arúgbó náà fi jìnnà, ó jáde, ó gbé e. Nílé wa, ohun tí ènìyàn fi ewé bò, tó gbé sẹ́yìn ilé ní ìdájí, tí kò sì bojú wẹ̀yìn, ẹ mọ ohun tí à ń pè é. Lọ́jọ́ kejì mo ṣí ewé náà kí ọmọ mi tó débẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n ni, tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ mọ́ tónítóní. Dípò kí ìyẹn tù mí lára, ó tún dá kún un. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lásán bá ni, kí ló dé tí kò gbé e wọlé?

N kò jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n ń sè é bí a ṣe ń se iṣu, pẹ̀lú ẹran, òórùn rẹ̀ sì dára. Mo ní inú ń run mí, mo ń jẹ nínú dòdò tí mo gbé wá fún Àṣàkẹ́.

Lọ́jọ́ kan mo ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Bupe, ìyàwó àbúrò Dáníẹ́lì, ń bá àwọn obìnrin ilé sọ̀rọ̀ ní èdè tí n kò gbọ́. Láàárín ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo gbọ́ "ẹ̀fọ́". Ohùn rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ ni. Obìnrin mìíràn dá a lóhùn, òun náà pe "ẹ̀fọ́". Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Wọ́n ń sín ọmọ mi jẹ, wọ́n ń fi èdè ìyá rẹ̀ ṣeré, ó sì jókòó sáàárín wọn, ó ń já ewé.

Mo mú tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì, mo pè é sẹ́yìn ilé. Mo ní, "Di ẹrù rẹ. A ń lọ."

Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì náà pẹ́.

"Bàbá, ta ni Màámi máa ń pè ní Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́?"

Mo ní ìyá mi ni.

"Kí lorúkọ wọn gan-an?"

Mo sọ ọ́ fún un.

"Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu Màámi rí, títí wọ́n fi kú?"

N kò gbọ́ ọ rí.

Ó ní ohun kan náà ni, àfi pé ti ibẹ̀ le ju tiwa lọ. Ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ bàbá ọkọ, kò gbọdọ̀ bá a pàdé lójúkojú, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ pe ìró tó bá wà nínú orúkọ náà. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ṣì ń ṣe é, ṣùgbọ́n ilé yẹn ń ṣe é. Mbo ni ìró náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò pè é: ó wà nínú jambo, ìdí nìyẹn tó fi yí ojú kúrò fún mi. Ó wà nínú mboga, tó jẹ́ orúkọ ẹ̀fọ́ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí Àṣàkẹ́ dé, àwọn ìyàwó tó bá nílé ń yí po ọ̀rọ̀ náà ni, wọ́n ń pè é ní ewé ọbẹ̀, ohun inú ọgbà. Òun pè é ní ẹ̀fọ́. Ó kúrú, kò sì kan orúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Dípò jambo, "ẹ kúulé" ni wọ́n ń sọ bí wọ́n bá wọ ilé ìdáná.

Mo ní kí ló wá pa wọ́n lẹ́rìn-ín.

"Bupe ló bu iyọ̀ sí ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá."

Mo ní ikọ́ ńkọ́. Ó ní arúgbó náà ń húkọ́ kí òun lè ráyè kúrò lọ́nà ni, kí ìtìjú má bàa bá òun. Bí òun ti ń sá fún un, bẹ́ẹ̀ ló ń sá fún òun, ọ̀wọ̀ ni lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Nígbà tí òun bímọ tí ara òun kò dá, tí wọ́n dá òun dúró sí ilé ìwòsàn, arúgbó náà ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ láràárọ̀, ó ń rìn lọ síbẹ̀, ó ń gbé e sí ìdí ògiri, ó ń húkọ́, ó ń padà. Òun wálé tán, kò ṣíwọ́.

"Mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn rí," ó ní. "Mi ò lè pè wọ́n, mi ò lè rí wọn. Dáníẹ́lì lè bá mi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ wọn ni. Ẹ̀yin lèèyàn mi. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe nǹkan fún mi, Bàbá, ẹ fi tíkẹ́ẹ̀tì yẹn sápò, kẹ́ ẹ bá mi pe orúkọ yẹn."

Ọjọ́ tí mò ń bọ̀

N kò ní sọ fún yín pé mo gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo bi Dáníẹ́lì lọ́tọ̀. Mo ní kó bá mi bi Bupe, mo sì ń wo ojú obìnrin náà bó ṣe ń dáhùn. Ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Ọ̀rọ̀ tó bára mu jù náà a máa fu mí lára, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ó dùn.

Láàárọ̀ tí mo fẹ́ máa bọ̀, arúgbó náà wá sí ọ̀ọ̀dẹ̀ láti sìn mí sọ́nà. Ó húkọ́ kó tó yọ. Àṣàkẹ́ gbé ọmọ rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́yìn ògiri ilé ìdáná, níbi tó ti lè gbọ́ wa. Mo dọ̀bálẹ̀, nítorí ó jù mí lọ. Mo dìde. Mo pa ètè dé, mo jẹ́ kí imú bẹ̀rẹ̀, n kò sì jẹ́ kó jókòó.

"Mzee Ambokile."

Ó yí ojú sí mi kíá, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn léjìká.

"Naam," ó dá mi lóhùn.

Mo ní, "Àṣàkẹ́ ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ti ilé ìwòsàn àti ti ìsinsìnyí." Dáníẹ́lì tú u sí èdè wọn. Mo na dòdò tó kù sí arúgbó náà, mo ní ìyá ọmọbìnrin yìí ló ń ta irú rẹ̀. Ó wo bó ṣe dúdú. Ó gbóòórùn rẹ̀. Kò fi sẹ́nu; ó dúró kí n kọ́kọ́ jẹ. Mo jẹ. Òun náà wá jẹ, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó nu ọwọ́. Ó rìn lọ sí ìdí ògiri ilé ìdáná, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó dúró bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo rò pé yóò húkọ́.

"Ẹ kúulé," ó ní.

Ohùn rẹ̀ kò tọ́. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ó ti ń gbọ́ ọ gba orí ògiri kọjá láti ìgbà tí ọmọ mi ti dé ilé náà.

Lẹ́yìn ògiri, ọmọ ọwọ́ náà ké díẹ̀, ó sì dákẹ́. Àṣàkẹ́ kò lè dáhùn. Òjò ń kán sílẹ̀ láti orí páànù. Nígbà tó yé mi pé kò sí ẹlòmíràn tó lè dá a lóhùn, mo dá a lóhùn.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá."

Mo gbé àpò mi, tíkẹ́ẹ̀tì méjì nínú rẹ̀, mo sì bọ́ sínú òjò.